Wharfedale àbí KEF: ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ nínú pálọ̀ kan ṣoṣo

Ẹni tó bá ń wá sípíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní jẹ gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ tán, kì í pẹ́ kó tó kan orúkọ méjì: Wharfedale àti KEF. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n ti máa ń tà wọ́n, orí pẹpẹ kan náà ni wọ́n sì máa ń tò wọ́n sí. Bí ẹ bá ka ìwé tí wọ́n fi ń polówó wọn, kò sí èyí tí kò ní sọ pé ohùn òun mọ́ gaara, pé báàsì òun jinlẹ̀, pé kò sí pálọ̀ tí òun ò bá mu. Ìyẹn ò lè ràn yín lọ́wọ́ láti yan ọ̀kan.

Ìtàn wọn ló là mí lọ́yẹ. Raymond Cooke, ẹni tó dá KEF sílẹ̀ ní 1961, Wharfedale ló ti ṣiṣẹ́ kó tó dá dúró, lọ́dọ̀ Gilbert Briggs tó dá Wharfedale sílẹ̀. Ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ni wọ́n. Ọ̀nà tí ọ̀gá ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ọmọṣẹ́ yàn nígbà tó dá ilé tirẹ̀ sílẹ̀, ìyàtọ̀ náà kò sì tíì parẹ́ títí di òní. Ó wà nínú àpótí tí ẹ fẹ́ gbé wálé. Ẹ ó gbọ́ ọ bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ó tẹ́tí sí.

Ilé ọ̀gá

Briggs kì í ṣe ẹnjiníà. Òwò aṣọ ló ń ṣe ní agbègbè Bradford, ní Yorkshire, ó sì fẹ́ràn píánò gan-an. Ní 1932, nígbà tó ti lé ní 40 ọdún, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀ ní ìlú Ilkley, ibẹ̀ ló ti to sípíkà àkọ́kọ́ rẹ̀. Inú àfonífojì odò Wharfe ni Ilkley wà, Wharfedale sì ni wọ́n ń pe àfonífojì náà. Orúkọ ilẹ̀ tó ń gbé ló fi sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gbé sípíkà lọ síbi ìdíje tí ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ rédíò ní Bradford ṣe, ó sì gba ipò kìíní àti ipò kejì pa pọ̀.

Etí ni Briggs fi ń dájọ́, kò sì bẹ̀rù kí ará ìlú bá òun dájọ́. Ní 1954, ó gba gbọ̀ngàn Royal Festival Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ olórin ńláńlá, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá gbọ́. Olórin á ṣeré lójúkojú, lẹ́yìn náà ni sípíkà á gbé irú orin bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ jáde, kí kálukú fi etí ara rẹ̀ wọn ohun tó yà wọ́n. Peter Walker tó ni ilé-iṣẹ́ Quad ló gbé ampilifáyà wá, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára kó tó dé sípíkà. Gbọ̀ngàn náà kún bámúbámú. Ní 1955, ó gbé e dé Carnegie Hall ní New York. Ẹni tó bá gbé sípíkà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ píánò gidi níwájú ọ̀pọ̀ èrò, kò níbi tí yóò sá sí bí ohùn bá daṣẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an nítorí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni yanrìn. Bí sípíkà bá ń dún, pákó tí wọ́n kàn án mọ́ náà máa ń gbọ̀n, ìgbọ̀n yẹn sì ní ohùn tirẹ̀ tó máa ń dà pọ̀ mọ́ orin. Briggs mú pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, ó fi àyè sí àárín wọn, ó wá da yanrìn gbígbẹ kún àyè náà. Bí pákó bá fẹ́ gbọ̀n, hóró yanrìn á máa ha ara wọn, agbára ìgbọ̀n náà á sì kú síbẹ̀. Sípíkà tó ń jẹ́ SFB/3, tó jáde ní àárín àwọn ọdún 1950, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Yanrìn kò wọ́n. Ẹnikẹ́ni ló lè rí i bù. Irú Wharfedale tí mo mọ̀ nìyẹn: kí wọ́n wá ohun tó wà nítòsí, kí wọ́n lò ó pẹ̀lú òye, kí ẹni tí kò lówó púpọ̀ náà lè rí i rà.

Ní 1958, Briggs ta ilé-iṣẹ́ náà fún Rank, ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n mọ̀ mọ́ sinimá. Lábẹ́ Rank ni sípíkà Linton ti jáde ní 1965, tí Denton sì tẹ̀ lé e. Orúkọ abúlé Yorkshire ni méjèèjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n gbé Diamond jáde, àpótí kékeré olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ pé òun ni sípíkà gidi àkọ́kọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Britain. Orúkọ Diamond ṣì wà lórí igbá títí di òní.

Ilé ọmọṣẹ́

Cooke ti ṣiṣẹ́ rédíò nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, ó ti ṣiṣẹ́ ní BBC, kó tó di ọ̀gá ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Wharfedale. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Rank ra ibẹ̀ ló kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Tovil, lẹ́bàá Maidstone ní Kent. Ọgbà ilé-iṣẹ́ kan tó ń rọ irin ló gbà wọ́n, inú àgọ́ páànù ràgàjì bí irú èyí tí àwọn ológun máa ń lò ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Kent Engineering and Foundry ni wọ́n ń pe ibi ìrọrin náà. Lẹ́tà mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ yẹn ni KEF.

Kí ni Cooke ń wá? Ohun èlò tuntun. Láyé ìgbà náà, pépà ni wọ́n fi ń ṣe kóònù sípíkà, ìyẹn ibi tó ń sún síwá sẹ́yìn láti ti afẹ́fẹ́. Pépà dára, ó fúyẹ́, ohùn rẹ̀ sì lè dùn púpọ̀. Àmọ́ ó máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́, èyí tí wọ́n bá sì ṣe lónìí lè má dún bí èyí tí wọ́n ṣe lóṣù tó kọjá. Cooke fẹ́ kí sípíkà ẹgbẹ̀rún jọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Ike tí wọ́n ń pè ní Bextrene ló fi ṣe kóònù ẹ̀yà sípíkà tó ń jẹ́ B110, ike fẹ́lẹ́ míì ló fi ṣe orí T27, tó jẹ́ twítà, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń gbé ohùn fẹ́rẹ́ jáde. Wúfà rẹ̀ ńlá (ẹ̀yà tó ń gbé báàsì jáde), B139, kò rí roboto bíi ti àwọn yòókù: ó gùn gbọọrọ, iwájú rẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Malcolm Jones, òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tí KEF gbà, ló ṣètò bí B110 àti T27 ṣe máa rí.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, kọ̀ǹpútà ti dé ibi iṣẹ́ wọn. Wọ́n fi ń wọn ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá so àwọn tó bára wọn mu pọ̀, kí sípíkà apá òsì má ṣe yàtọ̀ sí ti apá ọ̀tún. Reference 104 tó jáde ní 1973 wà lára ohun tí ìlànà yẹn bí. Ọ̀gá gbé sípíkà lọ síwájú èrò, ó ní kí wọ́n gbọ́. Ọmọṣẹ́ gbé e síwájú ẹ̀rọ, ó ní kó wọ̀n ọ́n ná, kí etí tó wá sọ tirẹ̀.

Ọkọ̀ BBC

Mo gbọ́dọ̀ yà síbí díẹ̀, nítorí ibí ni iṣẹ́ KEF ti kan àwa tí ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì fún nínú orin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn ẹnjiníà BBC nílò sípíkà tí wọ́n lè gbé sínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ gba ètò sílẹ̀ níta. Àyè inú ọkọ̀ kò tó, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan sípíkà. Àpótí tí wọ́n ṣe kò ga ju nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. LS3/5A ni wọ́n pè é. B110 ni wúfà rẹ̀, T27 ni twítà rẹ̀, ọ̀dọ̀ KEF ni méjèèjì ti wá. BBC fún àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Rogers, Chartwell, Spendor àti Harbeth láṣẹ láti máa ṣe é tà.

Ohùn ènìyàn jẹ́ òṣùwọ̀n pàtàkì fún BBC. Wọn á jẹ́ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú sítúdíò, wọn á gbọ́ ọ lójúkojú, wọn á tún gbọ́ ọ láti inú sípíkà, wọn á wá fi wéra. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí kò mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀: bí imú bá di nínú sípíkà, bí àyà bá fún, ọmọdé á gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ń gbọ́ ewì, tàbí ìjálá, tàbí àpàlà tí olórin ń fi ọ̀rọ̀ gún ọ̀rọ̀, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Sípíkà tó bá sọ ọ̀rọ̀ di wúyẹ́wúyẹ́ ti pa orin náà, bó ti wù kí báàsì rẹ̀ jinlẹ̀ tó.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi pa mọ́. Ike tí Cooke gbẹ́kẹ̀ lé náà kò dúró sójú kan. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, B110 ń yí padà díẹ̀díẹ̀, débi pé wọ́n ní láti tún inú LS3/5A ṣe ní 1987, tí ìdènà rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó ń wọlé, sì bọ́ láti 15 ohm sí 11. Ẹni tó bá fẹ́ ra LS3/5A àtijọ́ gbọ́dọ̀ béèrè èyí tó jẹ́, kó má lọ ra ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kó wá so wọ́n pọ̀.

Ẹ gbé wọn síra wọn

Méjì ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ, nítorí pé méjèèjì ló ń pe ìtàn ilé wọn padà, owó wọn kò sì jìnnà síra. Nígbà tí Wharfedale ń ṣàjọyọ̀ 85 ọdún, wọ́n tún Linton gbé jáde. KEF ti gbé LS50 jáde ní 2012 fún àjọyọ̀ 50 ọdún tiwọn, wọ́n sì sọ pé LS3/5A ló fún àwọn ní ìmísí. LS50 Meta tó jáde ní 2020 ni àbúrò rẹ̀.

Ẹ wo Linton ná. Ó ga ju 50 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó fẹ̀ tó 30, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó nǹkan bí 18 kílò. Wúfà ínǹṣì 8 wà nísàlẹ̀ fún báàsì, kóònù ínǹṣì 5 wà lókè rẹ̀ fún ohùn àárín, twítà wá wà fún ohùn fẹ́rẹ́. Mẹ́ta ni wọ́n, kálukú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Pákó tí wọ́n fi kàn án kì í ṣe ẹyọ kan: wọ́n fi oríṣi kan há àárín òmíràn, kí ìgbọ̀n má baà rọ́nà gbà. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, yanrìn Briggs ni ọkàn mi lọ sí.

LS50 Meta kò ju nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ ní gíga, kò sì tó kílò 8. Ojú kan ṣoṣo ló ní. Uni-Q ni wọ́n ń pè é: àárín gbùngbùn kóònù ńlá ni wọ́n gbé twítà sí, kí gbogbo ohùn, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, lè ti ojú kan náà jáde bí ẹni pé láti ẹnu ẹnì kan. Ní 1988 ni KEF bẹ̀rẹ̀ èyí, nígbà tí mágínẹ́ẹ̀tì neodymium mú kó ṣeé ṣe kí twítà kéré tó láti wọ ibẹ̀. Èrò náà kì í ṣe tiwọn látilẹ̀, nítorí Tannoy ti fi ohùn méjì sí ojú kan láti 1947. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí KEF gbà kó o sínú àpótí kékeré yàtọ̀. Ti Meta wá fi ohun kan kún un: àwo pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn twítà, inú rẹ̀ kún fún ọ̀nà tóóró tó ń lọ́ wọ́lọ́wọ́lọ́ bí inú ilé ikán. Ohùn tó bá gba ẹ̀yìn twítà jáde á wọ ibẹ̀, kò sì ní rọ́nà padà. KEF ní ó ń gbé tó 99% ohùn ẹ̀yìn yẹn mì. Nínú àpótí náà, wọ́n fi igi gbé ara àpótí ró, wọ́n sì fi ohun rírọ̀ sí àárín igi àti ara àpótí kí ìgbọ̀n lè kú síbẹ̀. Ìṣòro tí ọ̀gá fi yanrìn yanjú ni ọmọṣẹ́ ṣì ń bá jà.

Báwo lèyí ṣe ń dún? Ẹ fi jùjú tí wọ́n gbà sílẹ̀ dáadáa sí i. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, jìtá ń dáhùn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń fọn omi lé e lórí, báàsì jìtá ń rìn lábẹ́ gbogbo wọn. Lórí LS50, mo lè nawọ́ sí ibi tí onílù dúró. Ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ máa ń yọ kedere, àyè sì máa ń wà láàárín olórin àti àwọn elégbè. Bí mo bá dìde lọ jókòó sí etí àga kejì, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nítorí ojú kan ni gbogbo ohùn ti ń jáde. Ohun tí mi ò rí ni ẹsẹ̀ báàsì. Okùn tó nípọn jù lọ lára báàsì jìtá ń gbọ̀n ní nǹkan bí 41 Hz, ìyẹn ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àpótí kékeré yẹn kò sì lè gbé e bó ti yẹ. Ẹ ó gbọ́ pé báàsì wà, àmọ́ kò ní dé àyà yín.

Lórí Linton, ó máa ń dé àyà. Ìlù á ní awọ, á sì ní igi. Ìdí tí ijó fi wà nínú orin náà á yé yín. Onílù kò ní dúró sójú kan gbọin bíi ti LS50, ẹ sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó nǹkan bí mítà méjì kí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó di ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá jókòó sí etí tábìlì, tí sípíkà wà ní ìwọ̀n apá kan sí i, Linton kì í ṣe tirẹ̀.

Mo ti gbọ́ kí àwọn ènìyàn máa sọ pé KEF ló péye jù, Wharfedale ló dùn jù. Mi ò gbà á bẹ́ẹ̀. Báàsì tí kò sí níbẹ̀ náà jẹ́ àìpéye, bí ó ti wù kí ohùn àárín mọ́ tó.

Ampilifáyà ńkọ́?

Ibí ni owó ti ń sọnù jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sáré ré e kọjá. Wọ́n máa ń kọ iye dB sára ìwé sípíkà láti fi mọ bó ṣe ń pariwo tó bí a bá fún un ní ìwọ̀n iná kan náà. Ti Linton jẹ́ 90. Ti LS50 Meta jẹ́ 85. Márùn-ún péré ló wà láàárín wọn, ó sì dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n dB kì í ṣe òǹkà lásán: márùn-ún yẹn túmọ̀ sí pé LS50 ń fẹ́ agbára tó lé díẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta kó tó dún bíi Linton. Ampilifáyà àtijọ́ tó ní wáàtì 25 tí ẹ jogún á gbé Linton dáadáa. KEF fúnra wọn ní kí ti LS50 má dín ní 40, èmi á sì fi kún un. Bí ẹ bá fi ampilifáyà tí kò lágbára ta kú lórí LS50, tí ẹ ń yí i sókè síwájú sí i, ampilifáyà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gé orí ohùn, twítà ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ṣírò owó méjèèjì pa pọ̀. Ẹni tí kò bá tíì ní ampilifáyà tó dára, owó tó máa ná lórí LS50 máa ń ga ju iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ. Ẹ fi ti ìdúró rẹ̀, ìyẹn ohun tí ẹ máa gbé sípíkà lé, kún un pẹ̀lú. Méjèèjì ló ń fẹ́ ìdúró tó lágbára lábẹ́ wọn, ti Linton kúrú, ti LS50 ga. Méjèèjì ní ihò lẹ́yìn, ẹ má ṣe fi wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ilé alájà

Púpọ̀ nínú wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, ilé alájà là ń gbé, ẹlòmíì ń sùn lábẹ́ ilẹ̀ wa. Báàsì ló máa ń gba ilẹ̀ kọjá, kì í ṣe ohùn olórin. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ máa ń ráyè gbọ́ orin, LS50 á jẹ́ kí ẹ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ó dun ni láti ra sípíkà nítorí aládùúgbò, àmọ́ sípíkà tí ẹ kò lè yí sókè rárá kò wúlò fún yín.

Bí owó bá kéré

Diamond ni ti Wharfedale, èyíkéyìí nínú ìdílé Q ni ti KEF. Ìyàtọ̀ tí mo ti sọ ló tún wà níbẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré: Q ní Uni-Q, Diamond ń gbádùn mọ́ ampilifáyà kékeré. Fún yàrá ọmọ iléèwé gíga, Diamond ni mo máa rà láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣì jẹ́?

Wọ́n máa ń bi mí ní èyí. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni Wharfedale àti Quad ti wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ IAG, tí wọ́n sì ń ṣe wọ́n ní Ṣáínà. Láti 1992 ni KEF ti wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Gold Peak ti Hong Kong. LS50 náà, Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe é, àmọ́ Maidstone ṣì ni ibùdó ìwádìí wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń to Blade àti Reference, àwọn olówó gọbọi. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ tó to ó ló jẹ yín lógún, KEF ńlá ni kí ẹ wá. Ní tèmi, ẹni tó ronú rẹ̀ ni mo ń wò.

Àgbà méjì míì wà tí ẹ ó máa gbọ́ orúkọ wọn. Quad ti Peter Walker gbé ESL jáde ní 1957, sípíkà tí kò ní kóònù tí kò sì ní àpótí, awọ ike fẹ́lẹ́ kan ni iná gíga ń mì síwá sẹ́yìn. Fún ohùn ènìyàn, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe sípíkà ìnáwó, kò fẹ́ ariwo, kò fẹ́ eruku. Tannoy ní tirẹ̀, 1926 ni Guy Fountain dá a sílẹ̀, ó sì gbajúmọ̀ lórí ẹ̀rọ ìkéde débi pé àwọn ará Britain sọ orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ fún sípíkà ìkéde èyíkéyìí. Bí pálọ̀ yín bá tóbi, tí owó sì wà, ẹ lọ gbọ́ Arden wọn, tó ní wúfà ínǹṣì 15.

Àlòkù, àti gbígbé lọ sílé

Ní Britain, bí àgbàlagbà bá kó kúrò nílé, sípíkà àwọn ọdún 1970 máa ń bọ́ sọ́jà ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ ó rí Linton àtijọ́, ẹ ó rí Denton, ẹ ó rí KEF Coda tàbí Concerto. Concerto ti 1969 ni B139, B110 àti T27 pa pọ̀ nínú àpótí kan. Bí ẹ bá rí èyí tí ara rẹ̀ dá, ẹ má ṣe jẹ́ kó lọ.

Ẹ ṣí aṣọ iwájú rẹ̀. Ẹ fi ìka kan etí kóònù, níbi tó ti so mọ́ irin. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà tó ṣì rọ̀, ó dára. Bí ó bá jẹ́ fóòmù tó ń bu bí búrẹ́dì gbígbẹ, ẹ máa ní láti pààrọ̀ etí náà. Ẹ rọra fi ọwọ́ méjèèjì ti kóònù wọlé ní ẹ̀gbẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá ń ha, kọ́ìlì inú rẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan orí twítà rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ kó wọn lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wa máa ń jẹ fóòmù ju bí afẹ́fẹ́ Yorkshire ṣe ń jẹ ẹ́ lọ. Ẹ wá onírọ́bà. Kóònù ike bíi ti KEF àtijọ́ kì í mu ọ̀rinrin bíi pépà, ìyẹn sì jẹ́ ibi tí ọmọṣẹ́ ti borí ọ̀gá kedere. Ẹ má kó Quad ESL lọ, nítorí iná gíga inú rẹ̀ àti ọ̀rinrin kì í ṣe ọ̀rẹ́, ó sì nílò iná ilé kó tó lè dún rárá. LS50 tún ní irú kan tí ampilifáyà wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi fóònù ń darí. Ó dára níbi tí iná kì í ti í ṣe ségesège, ṣùgbọ́n nílé wa, sípíkà lásán tó ń gba wáyà méjì láti ara ampilifáyà ló bọ́gbọ́n mu, kó jẹ́ pé bí iná bá ba nǹkan jẹ́, ampilifáyà nìkan lẹ máa tún ṣe.

Nílé mi ní Lọ́ńdọ̀nù, LS50 ló wà nínú yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ewì àti àpàlà ló sì máa ń dún níbẹ̀. Àwọn Linton tí mo rà fún ẹ̀gbọ́n mi wà ní pálọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn, lórí ampilifáyà àtijọ́ tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó bímọ. Bí mo bá délé lọ́dún Kérésìmesì, ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí.